Àìbìkítà kọ́ ni kò jẹ́ kí ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ní North Dakota ní ìwé tí yóò fi dìbò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, ìyẹn ọmọ àwọn ẹ̀yà tí ó ti wà níbẹ̀ kí àwọn òyìnbó tó dé, kò bá ní ìwé ìdánimọ̀ tí òfin ìdìbò béèrè, a jẹ́ pé kò bìkítà ni, torí pé ta ni kò ní àdírẹ́sì? Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí pé àwọn tí ń sọ ọ́ kì í wádìí irú àdírẹ́sì tí òfin náà ń fẹ́.

Ní ìpínlẹ̀ North Dakota, níbi tí kò ti sí ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò rárá, ìwé ìdánimọ̀ tí ènìyàn mú lọ sí ibùdó ìdìbò gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti àdírẹ́sì ilé tí ó ń gbé hàn. Nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́ kò tó. Bẹ́ẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi lórí ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà bíi Standing Rock, Spirit Lake àti Turtle Mountain, ọ̀nà kò ní orúkọ, ilé kò ní nọ́ńbà, a kì í sì í gbé lẹ́tà dé ojúlé, débi pé nọ́ńbà àpótí yẹn gan-an ni àwọn ará ibẹ̀ ń lò. Báyìí ni káàdì ẹ̀yà, ìyẹn káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba ẹ̀yà ń fún àwọn ọmọ rẹ̀, tí ènìyàn ti ní lọ́wọ́ tipẹ́ ṣe lè di èyí tí kò wúlò fún ìdìbò.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, nígbà tí ìdìbò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti dá òfin náà dúró. Bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò bá bìkítà lóòótọ́, ìgbà yẹn ni ì bá hàn. Àwọn ìjọba ẹ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ilé ní àdírẹ́sì, wọ́n ń tẹ káàdì tuntun fún àwọn ènìyàn wọn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tí ó wá gbà á ní Turtle Mountain sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ tí ń tẹ̀ ẹ́ fi gbóná kọjá ààlà, tí ó ń yọ́ káàdì.

Àwọn kan tún rò pé ìwé àṣẹ ìwakọ̀ nìkan ni a ń gbà. Káàdì ẹ̀yà tí ó ní àdírẹ́sì ilé tọ́ láti fi dìbò. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ní in lè mú ìwé owó iná, ìwé báńkì tàbí ìwé tí ìjọba ẹ̀yà rẹ̀ kọ kún un. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti fi àdéhùn parí ẹjọ́ tí wọ́n pè tako òfin náà ní ọdún 2020, ọmọ ẹ̀yà tí kò mọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ lè sàmì sí ibi tí ilé náà wà lórí máàpù, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá àdírẹ́sì rẹ̀ fún un.