Bí Ẹ Ò Bá Mọ Iṣẹ́ Kọ́kọ́rọ́ Mọ́tò, Ẹ Ní Ẹ Ò Mọ̀ Ọ́n

Kí ló burú nínú kí èèyàn la ẹnu kó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, n ò mọ iṣẹ́ yìí"? Ṣé ó ń pani ni? Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mò ń bá ọ̀rọ̀ yìí sùn, tí mò ń bá a jí, inú mi ò tíì rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé báàgì kọ́ èjìká láti Kàbbà dé Mọ̀pà, láti Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, nílẹ̀ wa, ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, tí ẹ ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tí ẹ ò lè ṣe, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Kajú ni mò ń rà. Ẹni tó bá ń gbé ní Yàgbà tàbí Ìjùmú mọ̀ pé àsìkò kajú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí oṣù karùn-ún bá fi máa lọ, ó ti tán nìyẹn, ẹni tó rà ti rà. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mọ́tò bá fi dúró lásìkò yẹn, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ló dúró. Mo wà ní oko kan lẹ́yìn Ìsánlú lọ́jọ́ náà, a ń wọn kajú sínú àpò, mo sì so kọ́kọ́rọ́ Camry mi mọ́ etí ìró. Ká tó di àpò kẹtàdínlógún, mo fọwọ́ kan ìró, kò sí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀ mọ́. A tú àpò. A fi ọwọ́ tú ewé gbígbẹ abẹ́ igi. Àwọn ọmọ abúlé mú ìgbálẹ̀ wá, wọ́n gbá ilẹ̀ oko bí ẹni ń gbá ìta gbangba ọdún. A ò rí i.

Òun nìkan sì ni mo ní. Ẹni tó ta mọ́tò náà fún mi ní bó ṣe wọlé láti Amẹ́ríkà nìyẹn, kọ́kọ́rọ́ kan, pé tó bá yá kí n ṣe èkejì. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ta tòkunbọ̀, ìwà ìkà ni ẹ ń hù. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí kọ́kọ́rọ́ kan ṣì wà lọ́wọ́ èèyàn, iṣẹ́ kékeré ni láti fi kún un, nítorí mọ́tò á dá èyí tó mọ̀ mọ̀, á sì gba tuntun wọlé. Àmọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá sọnù, iṣẹ́ mìíràn pátápátá ni. Ẹ mọ̀, ẹ kàn dákẹ́ ni.

Mo pe ẹnì kan tí àwọn ọlọ́kọ̀ ní ó ń tẹ̀ lé mọ́tò dé ibi tó bá kú sí. Kó tó béèrè irú mọ́tò tó jẹ́, ó ti ní kí n fi ₦15,000 owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sínú àkáǹtì òun. Mo ní Camry 2008 ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle. Mo ní kọ́kọ́rọ́ kankan ò sí lọ́wọ́. Ó ní, "Kékeré nìyẹn, Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀." Mo fọkàn balẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló tó dé, lẹ́yìn tí mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹjọ.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Iṣẹ́ irin, ó mọ̀ ọ́n. Ó tú àgádágodo inú ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kan jáde, ó wo bí àwọn pẹlẹbẹ irin inú rẹ̀ ṣe ga sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gé kọ́kọ́rọ́ tuntun bá a mu. Ilẹ̀kùn ṣí. Igníṣọ̀n, ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ láti sítáàtì mọ́tò, yí wẹ́rẹ́. Mo ti ń gbádùrà fún un lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sítáàtì mọ́tò, ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ń yí, kò gbà. Iná pupa kékeré kan sì ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń tàn, ó ń kú.

Iná pupa yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó bá sì ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Nínú orí kọ́kọ́rọ́ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ṣíìpù kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju ẹ̀wà kan lọ. Kò ní bátìrì. Wáyà tí wọ́n ká yí ẹnu igníṣọ̀n po ló ń fún un ní agbára nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wọlé, òun náà á wá dá mọ́tò lóhùn. Tí ìdáhùn yẹn ò bá bá èyí tí mọ́tò ń retí mu, mọ́tò ò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Irin lè bá ihò mu títí di ọ̀la. Ẹni tó bá gé irin láìmọ nǹkan kan nípa ṣíìpù, ilẹ̀kùn nìkan ló ṣí fúnni.

Ó wá fi wáyà ẹ̀rọ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ mọ́tò láti dá ṣíìpù tuntun mọ̀, bọ ihò abẹ́ sitíárìn. Ṣíṣí tí ilẹ̀kùn ti wà láti ìrọ̀lẹ́, tí iná inú mọ́tò ń tàn, tí wọ́n sì ti yí ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń yí ọlọ, bátìrì ti rẹ̀. Kò wọn bátìrì. Kò béèrè. Mo yọjú wo ohun tó ń ṣe, ohun tí mo rí ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Fóònù rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, fídíò ló ń wò. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò yẹn ń sọ èdè tí èmi àti òun ò gbọ́, mọ́tò tó sì ń tú kì í ṣe irú tèmi. Tí ọkùnrin yẹn bá tẹ bọ́tìnnì kan, èyí tó wà níwájú mi náà á tẹ bọ́tìnnì kan. Á dá fídíò dúró, á fà á padà sẹ́yìn, á tún tẹ̀ ẹ́. Orí mọ́tò mi ló ti ń kọ́ṣẹ́! Mọ́tò tí mo fi ọdún mẹ́rin kó owó rẹ̀ jọ! Mo bi í pé, "Ṣé o ti ṣe irú èyí rí?" Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ná."

Ká gbìyànjú. Ẹ wo ọ̀rọ̀. Àgbàdo ni wọ́n fi ń gbìyànjú ilẹ̀ tuntun. Dúkìá olówó kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é láìsọ fún un.

Àárín ìgbìyànjú yẹn ni iná dáṣíbọ́ọ̀dù rẹlẹ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó kú. Gbogbo rẹ̀ pátá. Ó yọ wáyà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Òkùnkùn. Ó wá kọjú sí mi, láìṣẹ́jú, ó ní, "Brain box yín ti kú tẹ́lẹ̀." Kọ̀ǹpútà tó ń darí mọ́tò ló ń pè bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀ bí i ti báwo? Mo wà á dé oko láàárọ̀ ọjọ́ yẹn!

Kàkà kó ní òun ò mọ̀ ọ́n, ó pe ríwáyà kan, ẹni tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe, lórí ọ̀kadà. Ìyẹn dé pẹ̀lú síkúrúdíràfà àti òòlù. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n ní àwọn fẹ́ "ṣe é dáírẹ́ẹ̀tì", kó máa sítáàtì láìlo kọ́kọ́rọ́. Mo gbọ́ ìró tí ẹnu igníṣọ̀n fi fọ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fọ́ egungun ẹran. Wọ́n já irin tó ń ti sitíárìn pa, wọ́n gé wáyà, wọ́n so bọ́tìnnì kan mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù bí ti agogo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gba bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù kan, wọ́n tẹ bọ́tìnnì: ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbà, iná pupa ń ṣẹ́jú. Nítorí igníṣọ̀n àti ṣíìpù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èèyàn lè fi òòlù fọ́ ìkínní títí ilẹ̀ á fi mọ́, èkejì ò ní gbọ́. Ẹ̀yin méjèèjì ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sì gba owó. ₦60,000 ni gbogbo rẹ̀ tí a bá ro owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí lálẹ́ báyìí, kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ máa ṣàlàyé. Wọ́n gun ọ̀kadà, wọ́n lọ, èmi àti ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sùn sínú iyàrá oníbùsùn koríko pẹ̀lú àpò kajú, a ò fi ojú méjèèjì sùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo rí nọ́ńbà ọkùnrin kan ní Ìlọrin. Ẹ wo ìyàtọ̀. Kó tó dárúkọ owó rárá, ìbéèrè ló ń bi mí. Ọdún wo ni mọ́tò? Ṣé ti Amẹ́ríkà ni àbí ti Yúróòpù? Èyí tó sọnù, ṣé lẹ́tà G wà lójú irin rẹ̀? (Mo ní kò sí. Ó ní ó dáa, nítorí èyí tó ní G, ṣíìpù rẹ̀ yàtọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ̀ á ra èyí tí kò bá a mu.) Ṣé iná pupa ń ṣẹ́jú? Bátìrì ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án? Nígbà tí mo sọ èyí tó kẹ́yìn fún un, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárẹ̀, mà." Ó dé ní ọjọ́ kẹta, ó so bátìrì alágbára mọ́ ọn kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó ní tí iná bá rẹlẹ̀ lágbede méjì iṣẹ́ yìí, nǹkan lè bàjẹ́ nínú mọ́tò. Brain box ò kú. Bátìrì ló ti tán. Kò ju wákàtí méjì lọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ méjì lé mi lọ́wọ́, mọ́tò sítáàtì. Mo bi í bóyá ó lè bá ẹ̀gbọ́n mi wo mọ́tò Jámánì kan tó wà ní Kàbbà. Ó ní, "Rárá mà, n ò ní irinṣẹ́ rẹ̀, mo máa fi ẹni tó ní in hàn yín." Ṣé ẹ rí i? Kò kú. Iyì rẹ̀ ò dínkù. Òun ni mo tún máa pè.

Kì í ṣe èmi nìkan. Nọ́ọ̀sì kan ní àdúgbò wa, rìmóòtù rẹ̀ ò ṣí ilẹ̀kùn mọ́. Ọ̀kan nínú yín gba ₦20,000 lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ "pùrógíráàmù" rẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ inú rẹ̀, CR2032, bí owó ẹyọ, ló kú, kò ju kí wọ́n ṣí ìdí rìmóòtù kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ. Èyí tó tún dùn mí jù ni olùkọ́ kan ní Ìyàrá. Ó páàkì mọ́tò, ó yí táyà gbá òkúta, nígbà tó dé, kọ́kọ́rọ́ ò yí. Sitíárìn ló tì mọ́ra, gbogbo ohun tó fẹ́ ò ju kí èèyàn mi sitíárìn sọ́tùn-ún sósì díẹ̀ bí ó ti ń yí kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí wọ́n pè da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí ẹnu igníṣọ̀n, ó fi páláyà fa kọ́kọ́rọ́ títí ó fi ṣẹ́ sínú. Ọ́ìlì yẹn sì ti kó eruku Ìyàrá jọ sínú igníṣọ̀n báyìí, ó ti di amọ̀. Olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ ò tó nǹkan!

Tí a bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ẹ̀rọ tuntun ni, pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, kí a ní sùúrù. Tuntun láti ìgbà wo? Oṣù kẹwàá ọdún 1998 ni ìlú Ọba ti sọ ọ́ di dandan pé kí mọ́tò tuntun ní ẹ̀rọ tó ń dènà olè yìí. Kánádà ṣe tirẹ̀ ní 2007. Mọ́tò tèmi fúnra rẹ̀, ọdún 2008 ni. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 1998 ti di bàbá ọmọ nílẹ̀ Òkun, ẹ ṣì ń pè é ní tuntun. Gbogbo mọ́tò tó ń kọjá ní ìkóríta Kàbbà, tó ń lọ Lọ́kọ́ja tàbí Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀mùò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ṣíìpù lórí kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ yín nìyẹn. Ẹ lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ san owó ẹ̀kọ́, kí ẹ ra irinṣẹ́, kí ẹ fi mọ́tò tiyín kọ́ ọ. Ohun tó bí mi nínú kì í ṣe pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ gbogbo nǹkan. Irọ́ tí ẹ pa kí ẹ tó gbéra nílé ló bí mi nínú, nítorí ká ní ẹ sọ òótọ́ fún mi ní aago mẹ́wàá àárọ̀ tí mo pè yín, ọkùnrin Ìlọrin yẹn ì bá ti dé kí ilẹ̀ tó ṣú, igníṣọ̀n mi ì bá sì wà lódindi.

Mọ́tò ń rìn báyìí o. Àmọ́ sitíárìn rẹ̀ ò lè tì mọ́, tí mo bá páàkì, òkúta ni mò ń kì sí táyà. Kọ́kọ́rọ́ tuntun méjì wà lọ́wọ́ mi tí kò níbi tí wọ́n á ti yí i mọ́, mo ní láti mú un sún mọ́ ihò tó fọ́ yẹn kí ṣíìpù lè dáhùn, kí n tó tẹ bọ́tìnnì abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn tó ń dúró lójú ọ̀nà rí bọ́tìnnì yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní mọ́tò olè ni, wọ́n dá mi dúró fún wákàtí kan ààbọ̀ nínú oòrùn, pẹ̀lú ìwé mọ́tò lọ́wọ́ mi.

Owó igníṣọ̀n tuntun ni mò ń wá kiri báyìí. Ìwọ tó fọ́ èyí tó wà níbẹ̀, o mọ ara rẹ, o sì ní nọ́ńbà mi. ₦60,000 ni. Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, o ò gbé e. Màá wà ní ọjà Ìsánlú ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń wọn kajú. Gbé owó mi wá síbẹ̀.