Fífi Agbára Kún Òpó Kọ́ Ni Ó Ń Mú Ìdílọ́wọ́ Kúrò Lórí Nẹ́tíwọ̀kì

Ó tún ti ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹnìkan tí iṣẹ́ rédíò kò ṣàjèjì sí dìde níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ní bí èrò bá pọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì tí sígínà wọn ń dí ara wọn lọ́wọ́, kí a ṣáà fi agbára kún òpó tí ó ń fi sígínà ránṣẹ́ sí fóònù. Gbogbo wọn ń mi orí sí i. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi, kò sì sí òótọ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí agbára sígínà tí fóònù yín ń wá bá jẹ́ 100, tí ti àwọn mìíràn tí wọ́n ń lo ìgbì kan náà jẹ́ 50, tí ariwo inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 1, ẹ ó fi 51 (50 àti 1) pín 100 láti mọ bí sígínà yín ṣe borí ìdílọ́wọ́ àti ariwo tó, ẹ ó rí nǹkan bíi 1.96. Ẹ wá sọ agbára gbogbo òpó di ìlọ́po méjì: 101 ni ẹ ó fi pín 200, ẹ ó sì rí 1.98. Bí ẹ tilẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, kò ní dé 2 láéláé, nítorí pé agbára tí ó gbé sígínà yín sókè náà ni ó gbé ìdílọ́wọ́ sókè. Bí òpó kan ṣoṣo bá sì dá fi kún tirẹ̀, àwọn tí wọ́n wà lábẹ́ òpó kejì ni yóò jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ 50 yẹn kúrò láìfi agbára kankan kún un, 1.96 di 100. Nípa ìlànà tí Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò, gbé kalẹ̀ ní 1948 nípa bí ìsọfúnni tí ọ̀nà kan lè gbé ṣe pọ̀ tó, 1.96 kò lè gbé ju nǹkan bíi bíìtì (ẹyọ ìsọfúnni, 0 tàbí 1) 1.6 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún hertz (ìwọ̀n fífẹ̀ ìgbì) kọ̀ọ̀kan. 100 lè gbé tó 6.7.

Ìṣirò ni a fi ń yọ ìdílọ́wọ́ náà. Bí ìgbì rédíò bá pàdé, ṣe ni wọ́n ń ròpọ̀, ohun tí ó sì ròpọ̀ ṣeé yọ kúrò lára ara wọn. Ẹ mú ẹ̀rọ alántẹ́nà méjì: áńtẹ́nà kìíní gba sígínà A àti B, èkejì gba ìlọ́po mẹ́ta A pẹ̀lú B kan náà. Ẹ yọ ti kìíní kúrò nínú ti èkejì, ìlọ́po méjì A ni yóò kù, B kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe é pẹ̀lú rédíò kékeré méjì tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lórí ìgbì kan. Nígbà tí mo gbé agbára àwọn méjèèjì sókè, àwọn àmì kéékèèké ojú kọ̀ǹpútà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ohun tí ẹ̀rọ gbà, ṣì ṣù bí ìkùukùu, wọ́n kàn fẹ̀ sí i ni. Nígbà tí mo fi ìṣirò yíyọ yìí sí i, wọ́n pín sí òkìtì mẹ́rin tí ó dá yàtọ̀ gedegbe, bí ó ṣe yẹ kí wọ́n rí.

Àwọn tí wọ́n ṣe nẹ́tíwọ̀kì 3G mọ èyí dáadáa. Ìgbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni òpó WCDMA, irú nẹ́tíwọ̀kì 3G kan, ń pàṣẹ fún fóònù kí ó fi agbára kún un tàbí kí ó dín in kù, kí ẹni tí ó wà nítòsí má baà bo ẹni tí ó wà lọ́nà jíjìn mọ́lẹ̀. Ní 1986, onímọ̀ Sergio Verdú ti fi hàn pé ẹ̀rọ tí ó bá ń tú sígínà gbogbo èrò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sàn púpọ̀ ju èyí tí ó ka ti àwọn yòókù sí ariwo lásán. Ṣáájú rẹ̀, ní 1975, onímọ̀ Aydano Carleial ti fi hàn pé ìdílọ́wọ́ tí ó bá lágbára gan-an kì í pa ẹnikẹ́ni lára: ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ tú ìdílọ́wọ́ náà gan-an, yóò yọ ọ́ kúrò, yóò sì ka sígínà tirẹ̀ ní mímọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀pá sígínà ojú fóònù àwọn kún, nítorí náà agbára ni ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pá yẹn kò sọ bí èrò ṣe pọ̀ tó lórí ìgbì náà. Mo gbà pé yíyọ náà nílò kí ẹ̀rọ mọ ọ̀nà tí sígínà kọ̀ọ̀kan gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èyí sì le bí fóònù bá ń sáré lọ. Mo sì gbà pé níbi tí òpó ti jìnnà tí kò sì sí ẹlòmíràn lórí ìgbì, agbára ń ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ariwo inú ẹ̀rọ ni ó ń bá jà níbẹ̀, kì í ṣe ìdílọ́wọ́.