Ọkọ̀ Tuntun Nínú Ihò Àtijọ́

Ó ti sú mi pé, nígbàkigbà tí a bá ti dárúkọ ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá láàárín Washington, New York àti Boston, ohun tí a ó gbọ́ ni pé owó kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í béèrè iye tí mímú òpópónà fẹ̀ sí i ń náni. Láti ọdún 1964 ni Japan ti ní tirẹ̀. Níhìn-ín ní Amẹ́ríkà, Acela, ọkọ̀ ojú irin tó ń ná ọ̀nà yẹn, tó lè sá ju 240 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, ṣì ń rá pálá (ìgbín gan-an yóò fi wá ṣẹ̀sín) gba ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣí ní Baltimore ní ọdún 1873! Ọdún 2023 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí òmíràn. Wọn a sì tún ní kí a ṣe sùúrù.