Ṣé kí káàdì àsansílẹ̀ rọ́pò ìwé àṣẹ ìgbọ́kọ̀sí nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́?

Àkànní
Ẹ̀yin ará, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ti ń fi káàdì àsansílẹ̀ rọ́pò ìwé àṣẹ ìgbọ́kọ̀sí ọlọ́dọọdún. Èèyàn á fi owó sínú káàdì, á fi kan ẹ̀rọ bó bá ń wọlé àti bó bá ń jáde, ẹ̀rọ á sì yọ owó wákàtí tó lò. Mo fara mọ́ ọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò yẹ kó san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń wá lójoojúmọ́.

Títílọpẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mẹ́nu ba òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń lo wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ lè san ju owó ìwé àṣẹ lọ, àfi bí wọ́n bá fi gbèdéke sí iye tí ẹ̀rọ lè yọ. Bí èèyàn bá sì gbàgbé láti fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà tó ń jáde ńkọ́? Lójú ẹ̀rọ, ọkọ̀ ṣì wà nínú ọgbà.

Ìyá Tọ́pẹ́
Owó tó ṣẹ́kù ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ parí ẹ̀kọ́, owó ṣì wà nínú káàdì, ta ló ni ín? Owó ọmọ ni o! Bí wọ́n bá ní kò sí ìdápadà, tàbí pé ó máa di òfo lẹ́yìn àkókò kan, a jẹ́ pé wọ́n ń gbowó ohun tí wọn ò tà. Ó ń dùn mí gan-an.

Àkànní
Òótọ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ náà ńkọ́? Ṣé wọ́n ń dá owó oṣù tí ilé-ẹ̀kọ́ fi wà ní ìsinmi padà?

Ìyá Tọ́pẹ́
Ìyẹn ò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́, àbúrò mi.

Délé Oníkọ̀ǹpútà
Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí owó wà gan-an. Káàdì kan wà tí owó wà lórí ṣíìpù rẹ̀, ìyẹn ègé ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú káàdì. Ó ń ṣiṣẹ́ kódà bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ṣùgbọ́n bó bá sọnù, owó bá a lọ, ẹni tó he é á máa ná an. Òmíràn, nọ́ńbà lásán ló gbé dání, owó wà nínú àkáǹtì. Bí ẹ bá ti fi orúkọ sílẹ̀, tí káàdì bá sọnù, wọ́n lè dí i pa kí wọ́n sì gbé owó yín sórí tuntun. Ẹ tún béèrè irú ṣíìpù tó jẹ́. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Radboud ní Netherlands fi hàn pé àwọn lè ṣe ẹ̀dà káàdì MIFARE Classic, èyí tí ọ̀pọ̀ ibi fi ń ṣe káàdì ọkọ̀ èrò àti káàdì ìwọlé nígbà náà.

Títílọpẹ́
Ẹ ṣé, bọ̀dá Délé. Káàdì àsansílẹ̀ tó ní àmì Visa tàbí Mastercard ńkọ́? Ṣé a ò lè lo ìyẹn?

Délé Oníkọ̀ǹpútà
Ó ṣeé lò níbi tí wọ́n bá ti gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ kan máa ń kọ́kọ́ di iye owó kan mú nínú káàdì, torí wọn ò tíì mọ iye wákàtí tí ẹ máa lò. Bí owó inú káàdì ò bá tó iye yẹn, ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ tó owó ìgbọ́kọ̀sí. Èyí tó bá dì mú sì lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó padà.

Ìyá Tọ́pẹ́
Ṣé ẹ rí i báyìí? Títí wọ́n á fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó tó ṣẹ́kù á padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ìwé àṣẹ ni kí ọmọ máa rà.

Àkànní
Mo fọwọ́ sí ìdápadà, mà, n kò fọwọ́ sí ìyókù. Ẹni tó bá fẹ́ káàdì, kó rà á. Kó ṣáà má fi owó tó ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ sínú rẹ̀.