Yíyọ thermostat kọ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì tutù

"Ọkọ̀ ń gbóná? Yọ thermostat sọ nù!" Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbọ́ jù lọ nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì n'Íbàdàn. Oníbàárà kò ní tíì sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀ tán tí ọ̀gá wa á ti ní kí n mú sípánà wá. Mo ti yọ ọ́ lára ọkọ̀ tí mi ò lè kà, mo sì gbà pé oore ni mo ń ṣe.

Àfi ìgbà tí mo dé Kalifọ́níà, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn tún hot rod ṣe, tí mo rí i pé ìgbàgbọ́ kan náà ló wà lọ́kàn àwọn náà. Hot rod ni Ford àtijọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ bọ́ mọ́gáàdì àti bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dànù kó lè fúyẹ́, tí wọ́n sì ki ẹ́ńjìnnì tó lágbára bọ̀ ọ́, láti fi sáré lórí ilẹ̀ adágún gbígbẹ bíi Muroc àti El Mirage, ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì àti lẹ́yìn rẹ̀. Ààyò wọn ni V8, ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ tí Ford gbé jáde lọ́dún 1932, èyí tí fáàfù rẹ̀ wà nínú bulọ́ọ̀kù, ìyẹn irin ńlá tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì gan-an, tí wọ́n ń pè ní flathead. Ohùn rẹ̀ dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń gbóná.

Kí ni thermostat ń ṣe gan-an? Ilẹ̀kùn kékeré ni, lójú ọ̀nà tí omi ń gbà láti inú ẹ́ńjìnnì lọ sínú rédíétọ̀, ooru omi ló ń ṣí i. Bí omi bá ṣì tutù, ó tì pa, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè móoru dé ibi tó yẹ. Èyí tí wọ́n kọ 82 sí lára á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nígbà tí omi bá dé 82°C. Kó tó di nǹkan bíi 95, ó ti ṣí gbayawu. Ó dáa. Ọkọ̀ yín ń hó, géèjì ti kọjá 100. Ilẹ̀kùn yẹn ti ṣí tipẹ́. Kí lẹ wá fẹ́ kí yíyọ rẹ̀ bá yín ṣe? Àfi tó bá há tí kò ṣí mọ́ nìkan. Ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, tuntun la sì fi ń rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó yọ ọ́ á rí i pé géèjì lọ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń sá lórí títì márosẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. Kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná tó, ara rẹ̀ ló ń jẹ. Pẹtiróòlù tí kò jóná tán á máa fọ òróró kúrò lára sìlíńdà, á máa ṣàn lọ sínú òróró nísàlẹ̀, omi inú èéfín náà á dàpọ̀ mọ́ ọn, òróró á wá rí bí ògì. Ọjọ́ tó bá sì bọ́ sínú gòsúlóò lọ́sàn-án gangan, á tún hó.

Àwọn àgbà kan ní Kalifọ́níà ní ìdí mìíràn tí wọn ò fi yọ ọ́, tàbí tí wọ́n fi ń fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n lu ihò sí láàárín dí ojú ọ̀nà omi. Wọ́n ní omi tó bá ń sáré jù kò ráyè tutù nínú rédíétọ̀. Ó jọ òótọ́, kì í sì í ṣe òótọ́. Omi kan náà ló ń yí po. Bí kò bá pẹ́ nínú rédíétọ̀, kò pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì náà, kíá ló tún ti padà wá. Ẹ fọwọ́ kan rédíétọ̀ tí omi ń rọra gba inú rẹ̀ kọjá: òkè gbóná, ìsàlẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìsàlẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yẹn kò rí ooru púpọ̀ fún atẹ́gùn gbé lọ mọ́. Tí omi bá sáré, gbogbo ara rédíétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, mi ò ní pe àwọn àgbà yẹn ní onírọ́, torí wọ́n rí ohun tí wọ́n rí. Rédíétọ̀ àwọn Ford V8 àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn kò ní ìdérí tó ń sé omi mọ́. Páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ rẹ̀ wà lókè. Pọ́ǹpù méjì ni flathead ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá yọ thermostat méjèèjì, tí rédíétọ̀ sì ti dí díẹ̀, omi á dé òkè ju bó ṣe lè ṣàn wálẹ̀ lọ, á máa dà sílẹ̀ láti ẹnu páìpù yẹn. Omi á dín, ọkọ̀ á hó. Àìtó omi ló gbé e gbóná, eré omi kọ́.

Kí ló wá ń mú flathead gbóná tó bẹ́ẹ̀? Ibi tí èéfín ń gbà jáde ni. Inú bulọ́ọ̀kù ló gbà kọjá, láàárín omi, kó tó dé ẹ̀gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí táímíìnì, ìyẹn àkókò tí iná pulọ́ọ̀gì ń tàn, fi ṣe pàtàkì níbẹ̀: bí iná pulọ́ọ̀gì bá pẹ́ kó tó tàn, epo á ṣì máa jó lọ bó ṣe ń jáde, omi ni yóò sì gba ooru náà. Mo bá ọkọ̀ ọdún 1932 kan pàdé tí ẹni tó ni ín ti yọ thermostat méjèèjì, tó ti ra fáànù tuntun, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tà á. Táímíìnì rẹ̀ pẹ́ jù. Nígbà tí mo sì fi wáyà ro inú bulọ́ọ̀kù, mo kó ìpẹtà àti iyanrìn tí wọ́n fi rọ ọ́ nílé iṣẹ́ jáde, ó kún agolo mílíìkì. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ẹ́ńjìnnì náà. Mo fọ̀ ọ́, mo tún táímíìnì ṣe, mo dá thermostat méjèèjì padà. Kò hó mọ́.

Nílé wa, omi kànga tí a ń dà sínú rédíétọ̀ lọ́dọọdún ló máa ń dí i, tàbí kí fáànù má ṣiṣẹ́, tàbí kí ìdérí má sé dáadáa mọ́.

Tí ọkàn yín kò bá balẹ̀ lórí thermostat, ẹ fi òwú so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí iná, kó má fara kan ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì ki tàmómítà bọ̀ ọ́. Tó bá ṣí nítòsí iye tí wọ́n kọ sí i, ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti yọ ọ́, kẹ́ ẹ máa wá àìsàn ọkọ̀ náà lọ síbòmíràn.