“Ẹlòmíràn ti ń gbé owó bọ̀”: èrò ọkàn mi lórí ríra ilé l'Ékòó

Gbólóhùn tó wà nínú àkọlé yìí ló ń tú àpò ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékòó. Àgéńtì á pè láàárọ̀, á ní dúpúlẹ́ẹ̀sì kan yọ sí Gbàgádà, ẹnì kan tó wà nílùú ọba fẹ́ sanwó rẹ̀ lọ́sàn-án, kí ẹ tètè fi nǹkan sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, kò purọ́. Ilé tí ìwé rẹ̀ mọ́ ní Yábàá, Sùúrùlérè tàbí Ìkẹjà kì í pẹ́ lórí igbá. Èrò tèmi ni pé ká má bá ẹnikẹ́ni sáré owó sísan. Àyẹ̀wò ni ká yára ṣe. Ẹni tó ti ní lọ́yà àti sọ́fíyọ̀ nílẹ̀ kó tó jáde lọ wo ilé, tó sì ti ya owó àyẹ̀wò sọ́tọ̀, lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá lọ́yà lẹ́yìn tí ilé ti wọ̀ ọ́ lójú ni àgéńtì máa ń rí tì síwá sẹ́yìn.

Lọ́yà yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ tiyín o. Èyí tí ẹni tó ń tà mú wá, tí wọ́n ní kó bójú tó tọ̀tún-tòsì, iṣẹ́ ẹni tó pè é ló ń ṣe.

Sọ́fè, ìyẹn ìwé àwòrán ààlà ilẹ̀, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kódà ṣáájú C of O, ìwé ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ tí Gómìnà fọwọ́ sí. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, kí ẹ gbé e fún sọ́fíyọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ àwọn sọ́fíyọ̀. Ẹ má jẹ́ kó jókòó sí ọ́fíìsì ṣe é. Kó lọ sórí ilẹ̀, kó wá bíkìn kọ̀ọ̀kan (òpó kékeré tí wọ́n fi sàmì ààlà) kàn, kó ka nọ́ńbà tó wà lára wọn, kó sì fi GPS gba ojú ibi tí wọ́n wà. Ohun tó gbà fúnra rẹ̀ ni kó gbé lọ fún charting, ìyẹn fífi ojú ibi tí ilẹ̀ wà wé àwòrán ilẹ̀ ìjọba, ní ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláúsá. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, à á rí ìfun rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé jìbìtì kan wà tó ti dàgbà níbí: wọ́n á mú sọ́fè ilẹ̀ tí kò lábùkù fún yín, wọ́n á wá mú yín lọ wo ilẹ̀ mìíràn. Bó bá jẹ́ ìwé nìkan lẹ gbé lọ sí Aláúsá, èsì rẹ̀ á dára, ẹ ó sì fi owó ra ilẹ̀ tí kò sí nínú ìwé náà. Kí sọ́fíyọ̀ tún bá yín wò ó bóyá ẹ̀dà pupa sọ́fè náà, èyí tí sọ́fíyọ̀ tó ya á gbọ́dọ̀ kó sílẹ̀ fún ìjọba, ti wọ ọ́fíìsì Surveyor-General. Sọ́fè tí ẹ̀dà pupa rẹ̀ kò sí níbẹ̀, àwòrán lásán ni.

Charting á sọ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba tàbí kò bọ́ sí i. Èyí tí ìjọba ti gbà lọ́nà tí wọ́n ń pè ní global, a ṣì lè rí i tú sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Èyí tó jẹ́ committed, ìjọba ti ní ohun tó fẹ́ fi ṣe: ọ̀nà, ilé ìwé, ibi tí iná wáyà ńlá máa gbà, ojú àgbàrá. Kò sí ẹ̀bẹ̀ lórí ìyẹn, ẹ kọjá. Lọ́dún 2024, nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà etíkun láti Èkó sí Calabar bẹ̀rẹ̀, katakata wó ilé àti ibi ìtajà tó bọ́ sójú ọ̀nà náà. Wọ́n tún ti wó ilé olówó ńlá tó bọ́ sójú àgbàrá ní agbègbè Lẹ́kí.

Wọ́n tún ń fi ọ̀rọ̀ excision da ojú èèyàn rú, pàápàá ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí àti Ẹ̀pẹ́. Excision ni pé ìjọba yọ apá kan nínú ilẹ̀ tó ti gbà, ó dá a padà fún abúlé, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú gazette, ìwé ìkéde ìjọba. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gazette kì í sọ gbogbo ilẹ̀ tí abúlé náà ń pè ní tirẹ̀ di òmìnira. Ààlà tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìkan ló yọ, ilẹ̀ tó wà ní mítà mẹ́wàá sí ààlà náà lè jẹ́ ti ìjọba síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ní “excision rẹ̀ ti ń lọ lọ́wọ́”, ohun tí wọ́n ń sọ fún yín ni pé lónìí, ilẹ̀ ìjọba ni.

Ẹ béèrè ìwọ̀n pẹ̀lú. Pulọ́ọ̀tì l'Ékòó láyé àtijọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 670. Lónìí, àwọn tó ń ta ilẹ̀ lórí Instagram ń pe 500 ní pulọ́ọ̀tì, àwọn kan ń pe 300 bẹ́ẹ̀. Ẹ pín owó tí wọ́n dá lé e sí mítà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi ilẹ̀ kan wé èkejì. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí i pé èyí tí wọ́n pè ní ọ̀pọ̀, kì í ṣe ọ̀pọ̀.

Ó kan ìwé ilé. Lára C of O tàbí ìwé tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́ta: nọ́ńbà ìwé, ojú ewé, àti ìdìpọ̀. Lọ́yà máa fi wọ́n ṣe àyẹ̀wò ní Lands Registry ní Aláúsá, kó rí orúkọ ẹni tó ni ín, kó rí bóyá wọ́n ti fi ilé náà dúró fún gbèsè báǹkì, àti bóyá ẹnì kan ti kọ ìwé pé kí wọ́n má tà á. Ẹ wo ọdún tí wọ́n fún un. Ọdún 99 ni C of O sábà máa ń ní. Èyí tó jáde ní 1980 máa parí ní 2079, ẹ ò lè ra ju ohun tó kù nínú rẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí C of O bá ti wà, ọ̀rọ̀ parí. Èmi ò gbà. Àkọ́kọ́, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, abala 22, sọ pé kò sẹ́ni tó lè gbé ẹ̀tọ́ yẹn fún ẹlòmíràn láìsí ìyọ̀ǹda Gómìnà. Nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní 1989, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ àdéhùn báǹkì di òfo nítorí pé wọn ò gba ìyọ̀ǹda yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó yáwó gan-an ló gbé ẹjọ́ náà lọ. Ìkejì, ìwé lè mọ́ ní Aláúsá kí ẹjọ́ sì wà nílẹ̀ ní kọ́ọ̀tù. Ẹ wo ẹ̀sítéètì Magódò, tó wà lórí ilẹ̀ Shangisha. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá àwọn onílẹ̀ Shangisha láre, pé kí ìjọba Èkó fún wọn ní pulọ́ọ̀tì 549. Nígbà tó di ìparí 2021, àwọn tó jàre mú ọlọ́pàá wọ ẹ̀sítéètì náà, wọ́n fi ọ̀dà sàmì sára ilé àwọn èèyàn tó ti ń gbé ibẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Gómìnà fúnra rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní oṣù kìíní 2022. Nítorí náà, kí lọ́yà wá orúkọ ẹni tó ń tà, ti ẹbí rẹ̀ àti ti àdúgbò náà nínú ìwé ẹjọ́ ní Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ tàbí Badagry, èyí tó bá sún mọ́ ibẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìdájọ́ làwọn fi jogún ilẹ̀ náà, kí wọ́n mú ẹ̀dà tí kọ́ọ̀tù fọwọ́ sí wá, kí sọ́fíyọ̀ fi sọ́fè inú ìdájọ́ wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Ilé ẹbí ló le jù, síbẹ̀ òun ló pọ̀ jù ní àárín ìlú. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ilé tí bàbá kú fi sílẹ̀ láìkọ ìwé ìhágún di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ pọ̀, dáwódù sì ni olórí wọn. Bó bá ní ìyàwó mẹ́ta tó bímọ, ìdí-igi mẹ́ta ló wà níbẹ̀, aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú olórí ẹbí. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti 1959 ni àwọn lọ́yà máa ń tọ́ka sí: bí olórí ẹbí bá dá tà láìgbọ́ tàwọn yòókù, wọ́n lè ní kí kọ́ọ̀tù fagi lé e; bí àwọn yòókù bá tà láìsí olórí ẹbí, títà náà kò wáyé rárá lójú òfin. Ibi tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn ni ti dáwódù tó kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé tòun lòun ń tà. Òfo nìyẹn pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ olórí ẹbí lóòótọ́. Inú ìwé gbọ́dọ̀ sọ pé gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí ló ń ṣe é. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀gbọ́n obìnrin tí wọn ò pè sí ìpàdé ló máa gbé yín lọ sí kọ́ọ̀tù lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ẹ béèrè iye ìyàwó, iye ọmọ, èyí tó wà lókè òkun, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín bá wọn sọ̀rọ̀ ní tààrà.

Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń tà, ẹ rí i dájú pé òun ni. Kì í ṣe eré làwọn onílé ń ṣe nígbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ “Ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún 419” sára ògiri. Ayálégbé ti ta ilé onílé rí, àbúrò ti ta ti ẹ̀gbọ́n tó wà ní Amẹ́ríkà. Ẹ bá aládùúgbò méjì sọ̀rọ̀ nígbà tí àgéńtì kò sí níbẹ̀, kí ẹ bi ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò léèrè ta ni wọ́n mọ̀ sí onílé.

Ti ọmọ onílẹ̀, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Òfin Ìdáàbòbò Dúkìá tí Èkó ṣe ní 2016 ti sọ gbígba owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn àti owó òrùlé pẹ̀lú agbára di ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ṣì ń gbà á. Ẹ bi wọ́n léèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà, kí ẹ lè yọ ọ́ nínú iye tí ẹ máa san.

Owó ńkọ́? Iye tí wọ́n bá pe ilé kọ́ ni ilé máa gbà lọ́wọ́ yín. Ká ní ₦80 mílíọ̀nù ni. Bí àgéńtì bá gba 5%, mílíọ̀nù mẹ́rin nìyẹn. Bí lọ́yà bá gba 5%, mílíọ̀nù mẹ́rin mìíràn. Láti 2015 ni owó ìyọ̀ǹda Gómìnà àti ìforúkọsílẹ̀ ti wá sí nǹkan bí 3% lápapọ̀, lórí iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ bá dá lé ilé náà. Ẹni tó ní ₦80 mílíọ̀nù gbáko lọ́wọ́ kò tíì lówó ilé ₦80 mílíọ̀nù. Ilé bí ₦70 mílíọ̀nù ni kó máa wò. Ìdúnàádúrà wà lórí owó àgéńtì àti ti lọ́yà. Èyí tí mo rí lójú ara mi bí ìwà ẹ̀tàn ni àgéńtì mẹ́ta tí wọ́n so kọ́ra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ gba tirẹ̀. Ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé iye kan lẹ máa san, kí wọ́n pín in láàárín ara wọn.

Ẹni tó fẹ́ yáwó ló nira fún jù. Owó NHF, àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, wà: 2.5% nínú owó oṣù lẹ ó máa dá, èlé orí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 6%, ẹ sì lè fi ọdún 30 san án, nígbà tí èlé báǹkì lásán ju 20% lọ. Ṣùgbọ́n báǹkì kò ní gba rìsíìtì ẹbí, ìwé tó pé ló ń béèrè, ìlànà rẹ̀ sì ń fa oṣù gùn. Onílé tó ti rí olówó gbéra kò ní dúró. Ọgbọ́n kan tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ wá ilé tí ó ti ní ìyọ̀ǹda Gómìnà, tí ó ti pẹ́ díẹ̀ lọ́jà nítorí pé ayálégbé wà nínú rẹ̀. Àwọn olówó kì í fẹ́ wàhálà ayálégbé. Lábẹ́ òfin ayálégbé Èkó ti 2011, ayálégbé ọlọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kó tó kó jáde, bí àdéhùn wọn kò bá sọ ohun mìíràn. Ẹ fi sínú àdéhùn pé ẹni tó ń tà ló máa fún wọn níwèé náà.

Ara ilé fúnra rẹ̀, ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, ní oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹwàá. Bí gbogbo aládùúgbò bá ti fi kọnkéré gbé ẹnu géètì wọn sókè, omi ń wọlé níbẹ̀. Ògiri tó sán láti igun fèrèsé, tí ojú sísán náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè jẹ́ ìpìlẹ̀ ló ń rì. Ọ̀dà tuntun lára ògiri kan ṣoṣo, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n fi bò. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé, kí ẹ fi iye àjà tó wà níbẹ̀ wé èyí tí ẹ ń wò. Ilé alájà 21 tó wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021 pa èèyàn tó lé ní 40, àdúgbò olówó sì ni.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, ẹ má san ju 10% ṣáájú, kí àdéhùn sì sọ pé ẹ ó gbà á padà bí àyẹ̀wò bá já sí òdì. Sórúkọ ẹni tó ni ilé ni kí owó lọ, kó má gba ọwọ́ àgéńtì. Ti ẹbí, sínú àkáǹtì tí àwọn olórí ìdí-igi jọ ń fọwọ́ sí. Kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi gbé ilé náà fún yín lọ́jọ́ tí ẹ san èyí tó kù, pẹ̀lú Form 1C (fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ìyọ̀ǹda Gómìnà) àti ẹ̀dà ìwé owó orí wọn, torí ẹni tó ti gbowó tán kì í gbé fóònù mọ́. Ẹ gba ojúlówó gbogbo ìwé, rìsíìtì Land Use Charge (owó tí ìjọba Èkó ń gbà lórí ilé lọ́dọọdún), àti nọ́ńbà mítà iná. Gbèsè tó bá wà lórí mítà tàbí lórí Land Use Charge, ẹ yọ ọ́ nínú owó tó kù kí ẹ tó kà á lé wọn lọ́wọ́.