Ta ló ní bóòtù ò lè mú slider dúró?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, ní ṣọ́ọ̀bù onítáyà kan ní Pańsẹ́kẹ, ní Abẹ́òkúta níbí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé jíìpù 4Runner rẹ̀ dé, ó ní òun ti ra rock slider, òun àti àbúrò òun yóò fi bóòtù (bolt) àti nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ọkọ̀ nílé lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá mẹ́káníìkì kan tó jókòó síbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, má fi bóòtù tan ara ẹ jẹ. Gbé e lọ fún wẹ́dà, kó bá ẹ jó o mọ́ ṣáàsì. Ohun tí wọ́n bá fi bóòtù dè, bó pẹ́ bó yá, á tú." Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ń mi orí. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, kò rí bẹ́ẹ̀." Wọn ò dá mi lóhùn. Ọmọ náà sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, slider ni irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn jíìpù, láti ẹ̀yìn táyà iwájú dé iwájú táyà ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá jókòó lé àpáta, slider ni yóò gba àpáta náà, kí etí bọ́dì tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn má baà rún wọlé. Ẹ má fi wé páìpù dídán tí a ń tẹ̀ gorí ọkọ̀ o. Ọ̀pọ̀ páìpù yẹn, ara bọ́dì ni wọ́n so ó mọ́, bí òkúta bá kàn án, òun gan-an ni yóò ti bọ́dì wọlé. Ṣáàsì, egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró, ni slider gbọ́dọ̀ dì mú. Ẹni tó bá ń gbé orí òkè ní Àsẹ̀rò, tàbí tó ní oko lápá Ọ̀dẹ̀dá, mọ ìdí tí a fi nílò rẹ̀. Bí òjò bá ti gbá erùpẹ̀ lọ tán, àpáta a yọ orí sáàárín ọ̀nà, ibi tó tẹ́jú lánàá a di àkàsọ̀ lónìí.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n bi àwọn tó ní bóòtù ò lágbára ní ìbéèrè kan: kí ló di táyà mọ́tò yín mú?

Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló wà lórí táyà kọ̀ọ̀kan lára 4Runner, lára Prado, lára ọ̀pọ̀ Hilux. M12 ni ọ̀pọ̀ wọn, ìyẹn ni pé mílímítà 12 ni ìbú irin tí nọ́ọ̀tì ń gùn. Ọkọ̀ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì, tó ń sáré lọ sí Ṣàgámù, tó ń já sí kòtò, tó ń ta bíréèkì lójijì nígbà tí tírélà bá yà sí i níwájú, nọ́ọ̀tì mẹ́fà-mẹ́fà yẹn náà ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Wọn ò jó táyà mọ́ ọn. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀. Bóòtù ló mú ẹ́ńjìnnì jókòó sórí ṣáàsì. Bóòtù ló mú apá tó gbé táyà iwájú. Bọ́dì fúnra rẹ̀, bóòtù tó gba àárín rọ́bà kọjá ló fi jókòó sórí ṣáàsì. Bẹ́líìtì tí yóò fà yín padà bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, bóòtù kan ṣoṣo ló wà ní ìdí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀mí yín ni wọ́n fi lé bóòtù yẹn lọ́wọ́ o! Ẹ wá sọ fún mi pé bóòtù tó tó gbà ẹ̀mí là ò tó gba òkúta.

Ẹni tí èyí ò bá tíì yé, kó lọ dúró ní Láfẹ́nwá nígbà tí tírélà tó kó ẹrù bá dúró, kó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ orí rẹ̀, ìyẹn apá tí ẹ́ńjìnnì wà. Irin ìdábùú tó so apá méjèèjì ṣáàsì pọ̀, bóòtù àti rífẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi mú un. Àwọn tó ṣe tírélà kò ṣàì ní wẹ́dà. Wọ́n mọ̀ pé ṣáàsì gbọ́dọ̀ máa yí díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń gba ọ̀nà burúkú, wọ́n sì mọ̀ pé ojú ibi tí iná bá jó ni yóò kọ́kọ́ sán. Nínú ìwé tí wọ́n ń kọ fún àwọn tó ń kan bọ́dì sórí tírélà, ìkìlọ̀ kan wà tó wọ́pọ̀ gan-an: wọn kò fẹ́ kí wọ́n jó nǹkan mọ́ etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ ṣáàsì.

Ẹ jẹ́ ká wá ka agbára bóòtù, torí ẹnu lásán ni ọ̀pọ̀ ń fi jiyàn. Bóòtù gidi máa ń ní nọ́ńbà lórí. Bí ó bá jẹ́ 8.8, 8 àkọ́kọ́ ń sọ pé mílímítà onígun mẹ́rin kan lára irin náà lè gbé tó kílò 80 kó tó já. 8 kejì ń sọ pé yóò dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára yẹn kó tó nà tí kò ní lè padà sí ipò. Ojú irin tó ń ṣiṣẹ́ nínú bóòtù M12 tó mílímítà onígun mẹ́rin 84. Ẹ fi wọ́n lu ara wọn: bóòtù kan ṣoṣo lè gbé tó tọ́ọ̀nù márùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Slider tó dáa máa ń ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lápá kan, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan a sì ní bóòtù méjì, ó kéré tán. Gbogbo ọkọ̀ náà, tọ́ọ̀nù méjì lé díẹ̀ ni. Kí bóòtù tó já, ẹsẹ̀ slider fúnra rẹ̀ á ti tẹ̀.

Wọ́n á ní, "Ṣebí ojú wa báyìí la fi rí bóòtù tó já." Bẹ́ẹ̀ ni, bóòtù géètì. Bóòtù tí kò ní nọ́ńbà lórí, tí wọ́n ń fi ìwọ̀n tà nínú garawa. Ẹni tó bá fi ìyẹn de slider, ẹjọ́ rẹ̀ yàtọ̀.

Ní ti títú, bóòtù tí wọn ò fún le tó ló ń tú. Bí ẹ bá fún bóòtù dáadáa, ó ń nà díẹ̀, nínà yẹn ló sì ń fa irin méjèèjì mọ́ra. M12 oní-8.8 tí wọ́n fún bó ṣe yẹ ń fi agbára tó ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ tẹ irin méjì mọ́ ara wọn. Níwọ̀n ìgbà tí irin méjèèjì ò bá lè yọ̀ lórí ara wọn, kò sí ohun tí yóò yí nọ́ọ̀tì padà. Àmọ́ bí ọ̀dà nípọn láàárín wọn, ọ̀dà náà á fún pọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀, ìdè náà á sì dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un fún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí jíjó ń ṣe. Iná tó ń yọ́ irin ń yí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà, tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tí ojú jíjó ti parí á di ibi tó rọrùn jù fún ṣáàsì láti sán. Mo fi ojú ara mi rí i. Hilux ọ̀rẹ́ mi kan, wẹ́dà kan níbí ló jó slider mọ́ ọn, ó jó o yípo, òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi pè mí pé nǹkan ń dún lábẹ́ ọkọ̀, mo wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Slider ò yẹ̀ rárá, ṣáàsì ló sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láti etí jíjó náà lọ sókè. Ká ní bóòtù ni, à bá pààrọ̀ bóòtù. Ta ló fẹ́ pààrọ̀ ṣáàsì?

Èyí tó kù kò gba àlàyé púpọ̀. Páìpù epo àti páìpù bíréèkì máa ń gba ara ṣáàsì kọjá, wáyà náà ń gbabẹ̀. Iná wẹ́dà lè ba brain box, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, jẹ́ bí wọn ò bá tú bátìrì, mélòó nínú wọn ló sì ń rántí tú u? Ọ̀dà inú ṣáàsì á jó dànù níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé, òjò Abẹ́òkúta á sì wọ ibẹ̀, á máa jẹ ẹ́ láti inú.

Èmi ò kà á nínú ìwé nìkan. Inú ọgbà ilé mi ni mo ti de tèmi, èmi àti àbúrò mi. Dírílù ò tilẹ̀ kan ṣáàsì, torí ihò ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, a sì fi bóòtù onírísí U gba ibi tí ihò ò sí. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹrẹ̀ àti ìpẹtà kúrò níbi tí ẹsẹ̀ slider máa jókòó sí. A fi jáàkì gbé slider sókè nítorí ó wúwo, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orí gbé e dúró lábẹ́ ọkọ̀. A fi ọwọ́ wọ gbogbo bóòtù láìfún ọ̀kan le, a wá fi àlàfo tó fẹ̀ tó ìka méjì sílẹ̀ láàárín slider àti bọ́dì, torí bọ́dì àti ṣáàsì kì í yí bákan náà lórí òkúta. Lẹ́yìn náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú sípánà tó ń ka agbára. Nǹkan bíi Newton-mítà 80 (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì) ló tó fún M12 oní-8.8, àmọ́ bí ìwé tó bá slider yín wá bá sọ iye mìíràn, ìwé ni kí ẹ tẹ̀lé. Wáṣà tó nípọn lápá méjèèjì, nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú. Mo wá fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sára irin, kí n lè mọ̀ láìfọwọ́ kàn án bí ó bá yí.

Láti ìgbà náà, mo ti gbé ọkọ̀ náà jókòó lé àpáta lójú ọ̀nà oko, mo ti fi jáàkì gíga gbé gbogbo ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sókè láti ara slider yẹn nínú ẹrẹ̀. Ìlà ọ̀dà ò kúrò lójú kan. Nígbà tí panẹli-bítà fẹ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀kùn, a tú slider kúrò, a sì dá a padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹ lọ bi ẹni tó jó tirẹ̀ mọ́ ọn bóyá ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìfi gíráńdà gé e.

Mo gbà pé àwọn kan wà tí wọ́n ń jó o tí ó sì ń tọ́jọ́: wọ́n á kọ́kọ́ fi irin pẹlẹbẹ tí igun rẹ̀ yípo sára ṣáàsì, wọn ò ní jó o ní ìdábùú, wọ́n á sì kun inú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá rí wẹ́dà tó ń ṣe gbogbo ìyẹn, ó dáa. Èmi ò tíì rí i.

Ohun kan ṣoṣo tó kù ni irú ọkọ̀ tí ẹ ní. Highlander, RAV4 àti CR-V kò ní ṣáàsì lọ́tọ̀, bọ́dì wọn ló gbé ara rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ti 4Runner ni, ti Prado, ti Hilux àti irú wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ yín kí ẹ tó náwó sí slider.